Aṣọ Ọkọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì kú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí wa fi owó rà kì í ṣe pósí. Aṣọ ọkọ̀ ni. Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì, a ò tíì bá ṣọ́ọ̀ṣì dá ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Èkó, pè mí sórí fóònù ní Ìlọrin.

"Bísí, bó o bá ń bọ̀ ní Ọ̀fà, bá wa wá aṣọ gidi tí a ó fi bo ọkọ̀ màmá. Àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀ wá síbi òkú yìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá àkísà yẹn lójúde wa. Ìtìjú ni."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Mi ò bá a jiyàn. Ká má purọ́, inú mi dùn pé àgbà kan ti sọ ọ́ jáde, torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí aṣọ yẹn ti ń kó ìtìjú bá gbogbo wa. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀, mo ra èyí tó ń dán bíi fàdákà, ọlọ́ràá, tí omi kì í wọ̀. Ẹni tó tà á fún mi bu omi dà sí i lójú mi, omi náà sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo gbà pé mo ti mọ ọjà rà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí títí di òní ni pé Màmá ò bẹ̀ wá lọ́pọ̀ ohun kó tó lọ. Kò sọ irú pósí tó fẹ́, kò sọ orin tí a ó kọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́ nígbà tí àárẹ̀ dá a dùbúlẹ̀: "Ẹ ṣáà máa bá mi bo ọkọ̀ mi dáadáa."

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ó sì ti fẹ̀yìn tì kí n tó gbọ́njú. Ọkọ̀ náà, Fóksì tí àwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá, aláwọ̀ sánmà, òógùn ojú rẹ̀ ló fi rà á nígbà tí wọ́n ń rán an káàkiri àwọn ilé ìgbẹ̀bí ní Ilemọna, Ojoku àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe díẹ̀, torí pé wọn ò ní sùúrù tí wọ́n á fi dé Ọ̀fà. Àwọn kan nínú wọn ti di baba ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá wá kí i, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ṣùgbọ́n aṣọ tó rán fún ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ. Inú rẹ̀ jẹ́ òwú rírọ̀: ìró tó ti gbó, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ìta rẹ̀ ni wàhálà. Ankará, àdìrẹ, aṣọ fèrèsé, kaba ọdún ìkórè, yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ló gé ní ẹyọ ẹyọ tó sì rán lérí ara wọn bí wọ́n ṣe ń kan páànù, tòkè ń borí tìsàlẹ̀, kí òjò lè máa ṣàn lọ kó má wọlé. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, gbogbo etí aṣọ á dìde, wọ́n á máa fì, wọ́n á máa jó. Ẹni tó bá ti rí eégún rí mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá Ángílíkà ni o, tí kì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ, ṣùgbọ́n Eégún Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ̀ rẹ̀.

Òjá ló fi ń so ó, òjá tó fi pọn àwọn ọmọ rẹ̀ tó sì fi pọn àwa náà. Á ti ìdí òjá bọ abẹ́ ọkọ̀, á yí lọ sí òdì kejì, á fà á jáde, á so ó le, kí atẹ́gùn má baà máa gbé aṣọ sókè kó máa fi nà án lára. Bó bá so ó tán, á fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni pọn ọmọ.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé wọ́n ń ta aṣọ ọkọ̀ lọ́jà. Ó ti lo tapólì rí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku wọ abẹ́ tapólì, atẹ́gùn ń mì í, eruku sì ń ha pẹ́ńtì bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Ó ká a kúrò, ó lo ọ̀rá. Ọ̀rá ò jẹ́ kí òjò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ooru jáde. Ilẹ̀ ń mí sókè, ọkọ̀ ń làágùn lábẹ́ ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó. Nígbà tó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi dúró lára rẹ̀ bí òógùn iwájú orí ẹni tó ń rọbí. Ó bínú sí ara rẹ̀. Ó ní òun tí òun ti ń di egbò fún èèyàn láti ìgbà èwe, òun ló yẹ kó mọ̀.

"Egbò tí a bá fi ọ̀rá dì kì í jinná," ló wí, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta.

Gbólóhùn yẹn, etí mi gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Mo tún lọ ra ọ̀rá.

Kò tún jẹ́ bo ọkọ̀ tó bá ṣì gbóná. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á gbé àga síta, á jókòó tì í, á máa jẹ ẹ̀pà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnì Fóksì máa ń wà, bí a ṣe ń wò ó bóyá ibà wà lára ọmọ. Á ní, "Ó ṣì wà lára rẹ̀," á sì padà sídìí ẹ̀pà. Bí òjò bá ti pa á, kò ní bò ó àfi bó bá gbẹ. Àwa a máa rò pé àgbà ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọkọ̀ náà ní ilé tẹ́lẹ̀. Gáréèjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí bàbá wa àgbà kọ́ fún un kó tó kú. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dádì Èkó, ó kó ìyàwó, ọmọ àti ẹrù rẹ̀ wá sí Ọ̀fà, ẹrù náà sì kún gáréèjì dé òrùlé. Bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, àga onítìmùtìmù. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe di ará ìta, lábẹ́ igi máńgòrò tó ń kán oje lé e lórí, tí ẹyẹ sì ń ya ìgbẹ́ sí i.

Ìyá mi ò gbà. Ó wá láti Ìlọrin, ó ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ní pálọ̀, ó ní kó wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ohùn wọn ròkè. Mo sáré lọ sídìí fèrèsé kí n tì í, kí àwọn ará àdúgbò má baà gbọ́. Màmá ní kí n fi fèrèsé sílẹ̀.

"Ẹ má bò ó nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán."

Wọ́n sọ ọ́ tán lóòótọ́. Wọ́n sọ èyí tó kan gáréèjì, wọ́n sọ èyí tí kò kàn án. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Màmá kọjú sí ìyá mi. "Ọkọ̀ á rí aṣọ wọ̀," ló wí. "Ọmọ tó bọ̀ wálé lófìfo, kí ni kí n fi bò ó?"

Dádì Èkó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Òun yìí kan náà ló wá pe aṣọ ọ̀hún ní àkísà, èmi ni mo sì dá a lóhùn pé mo ti gbọ́, sà.

Mo gbé lọ́dọ̀ Màmá nígbà tí mo wà ní girama, òun ló sì ń fi Fóksì gbé mi lọ sílé-ìwé láàárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti rí ọkọ̀ náà nínú aṣọ rẹ̀, wọ́n á sì máa bi mí pé kí ni eégún wa jẹ sùn lánàá. Mi ò sọ ọ́ fún Màmá. Mo ṣáà máa ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, bí ẹni tí ilẹ̀ ọkọ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé ibi tí títì ti dábùú ojú irin réluwé, ó dúró. Ilé-ìwé ṣì jìnnà síwájú. Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni.

Ó nawọ́ kọjá ẹsẹ̀ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Kò bàjẹ́. Ibi tí ojú ò ti ní tì ọ́ ni mo dúró sí."

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń já mi sí. Kò bínú, kò fajú ro, kò yọ ẹyin díndín kúrò nínú oúnjẹ tó ń dì fún mi. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni o. Ẹnu rẹ̀ mú. Aládùúgbò wa, Alhaji Onípákó, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tiwa níyà, kò fẹ́ràn aṣọ náà rárá. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé nǹkan yìí kúrò. Mùsùlùmí ni mí. Mi ò lè máa ṣí fèrèsé láàárọ̀ kó jẹ́ ohun tó jọ eégún ni mo máa kọ́kọ́ rí."

Màmá ní, "Alhaji, fèrèsé méjì ló wà níyàrá yín. Ẹ máa ṣí ìkejì."

Alhaji gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn onílé. Ẹnìkan gbé e láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ni Bàbá Ìjọ àti àwọn àgbà mélòó kan bá wá kí Màmá. Wọ́n ní kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Ó po tíì fún wọn, ó jẹ́ kí wọ́n mu ún tán, ó wá gbé àpótí abẹ́rẹ́ àti òwú ka orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Èwo nínú yín ló máa bá mi rán òmíràn?" Wọ́n gbàdúrà ìparí, wọ́n lọ.

Àtìgbà náà ni òun àti Alhaji ò ti kí ara wọn mọ́. Ìyàwó Alhaji nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Ẹlẹ́hàá ni. Bó bá jáde, aṣọ dúdú ni láti orí dé ilẹ̀, a kì í rí ju ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ. Màmá ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ̀, orí ògiri ni àwọn méjèèjì sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí Alhaji bá ti lọ sọ́jà pákó. Èmi ò mọ ojú obìnrin náà. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ìjì kan jà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan. Ẹni tó bá gbé Ọ̀fà mọ irú ìjì tí òjò àkọ́rọ̀ máa ń gbé wá. Ó ṣí òrùlé ilé Alhaji, ó sì wó ògiri yàrá tó kọjú sí títì. A jáde, a bá yàrá náà ní gbangba: bẹ́ẹ̀dì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ ìwẹ̀. Ìyàwó Alhaji ń fọ irun orí rẹ̀ ni nígbà tí ìjì dé. Gbogbo aṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ páànù tó wó. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Alhaji ò sí nílé. Èrò ti pé jọ. Àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ jẹ́ ọkùnrin, wọn ò lè wọlé tọ̀ ọ́. Àwọn tí kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ti yọ fóònù.

Màmá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo rí i tó ń tú òjá. Ó wọ́ aṣọ ọkọ̀ náà kúrò, ó rin gbingbin, ó gbé e lé èjìká, ó ń fà á nílẹ̀ gba àárín àwọn èèyàn lọ. Ó gun orí ògiri tó wó, ó wọ yàrá, ó da aṣọ náà bo obìnrin yẹn, ó sì kó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá dìde. Eégún Nọ́ọ̀sì jáde lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Aṣọ náà bò wọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́rin nìkan là ń rí nísàlẹ̀, ankará àti àdìrẹ ń kán fún omi, wọ́n rọra ń rìn bọ̀ láàárín èrò títí wọ́n fi wọ ilé wa. Èrò ń yà fún wọn lọ́nà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Aṣọ náà ò padà sórí ọkọ̀ bọ̀rọ̀. Màmá ní kí wọ́n ta á bo ojú yàrá obìnrin náà títí ògiri tuntun á fi dúró. Fóksì wà níhòòhò nínú òjò, mo sì ráhùn fún Màmá, torí pé mo rí i bó ṣe máa ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ò mọ ìtìjú, Bísí," ló wí. "Èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

Alhaji tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láàárọ̀. Ó tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i. Fèrèsé kìíní yẹn náà ló sì ń ṣí.

Ẹ wá wò ó: aṣọ tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí la tú kúrò lára ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí òkú máa wọlé. Èmi ni mo tú òjá. Dádì Èkó fi ẹsẹ̀ tì í sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn alásè ti ń dáná. A fi ti fàdákà wọ Fóksì, ó ń dán, àwọn àlejò sì ń yìn wá. Wọ́n ní a mọ ìtọ́jú, wọ́n ní ọmọ bí eléyìí ló yẹ kéèyàn bí. À ń rẹ́rìn-ín, à ń dúpẹ́. A sin Màmá tán, kálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Dádì Èkó ń wo fàdákà láti pálọ̀, ó rò pé inú rẹ̀ dára bí ìta. Èmi ò tilẹ̀ béèrè.

Òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ kí n tó padà lọ, a fẹ́ lẹ táìsì sójú oórì. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ọkọ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ká ọ̀rá náà sókè, omi ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìjókòó ti bu. Pẹ́ńtì wú bí awọ ẹni tí omi gbígbóná jó. Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀, nígbà tí mo fà á, àwọ̀ sánmà Màmá bá a wá, irin tó ti dógùn-ún sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa mọ́, òjò ọdún kan la fi bà á jẹ́, a sì gbàyìn lé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún òkú. Ìtìjú ni.

"Bísí ni?" Ohùn ìyàwó Alhaji ni, láti ẹ̀yìn ògiri.

"Èmi ni, mà. Ẹ kúulé, mà."

"Pẹ̀lẹ́. Ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Jẹ́ kí oòrùn wọ inú rẹ̀. Má tíì fi nǹkan kan bò ó." Ó tún ní, "Aṣọ Màmá wà lọ́dọ̀ mi. Ìdí ààrò ni mo ti rí i lọ́jọ́ òkú, wọ́n ń fi gbé ìkòkò. Mo ti fọ̀ ọ́. Ibi tó jóná, mo ti lẹ̀ ẹ́."

Mo dìde lọ sídìí ògiri. Mo bi í pé, "Alhaja, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa láti ọjọ́ náà?"

"Màmá yín bò mí lọ́jọ́ tí ojú fẹ́ tì mí," ló wí. "Ṣé kí n wá dójú tì yín lójú àwọn àlejò yín?"

Ó ti aṣọ náà lé orí ògiri, mo nawọ́ gbà á. Ó wúwo bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Láàárín gbogbo àwọ̀ yẹn, aṣọ dúdú tuntun wà, èyí tó gé lára aṣọ ẹ̀hà tirẹ̀, ó rán an lérí ara wọn bí páànù, tòkè borí tìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe ń rán an.

Mo dúró kí ọkọ̀ gbẹ. Mo gbé àga síta, mo jókòó tì í, mo ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e. Nígbà tí ọ̀sán rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dé òdì kejì. Dádì Èkó ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀, mi ò mọ èyí tó gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ kan ibi dúdú yẹn, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú sòkòtò funfun rẹ̀, ó sì ń wá ìdí òjá lábẹ́ ọkọ̀. A ò lè wo ojú ara wa.

Ọlọ́kadà kan dẹ eré lójú títì. Ó ní, "Dádì, eégún wo ló ń jáde lónìí?"

Dádì Èkó ò dìde. Ó fa òjá náà jáde, ó so ó le, ó fọwọ́ gbá ọkọ̀ lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ìyá mi ló rán an," ló wí.